Ọjọ́ Mẹ́jọ Tí Rédíò Mi Fi Wà Lọ́dọ̀ Alhájì

Ẹ má sọ fún mi mọ́ pé ọ̀kan ni wá. Mo ti gbọ́ ọ tó. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí mo dé Abẹ́òkúta. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu onílé mi lọ́jọ́ tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá. Ẹnu ọkùnrin kan náà ni mo tún ti gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó gbé rédíò mi sínú wọ́díróòbù rẹ̀, tó tì í pa, tó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Ará Sábẹ̀ẹ́ ni mí, ní òdìkejì bọ́dà, lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Yorùbá ni ìyá mi fi ń bá mi wí, òun náà ni mo fi ń lálàá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì tí mo dé Láfẹ́nwá, mo ní kí obìnrin kan ta búrẹ́dì fún mi, ló bá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ó pe ọmọ rẹ̀ kó wá gbọ́ bí mo ṣe ń fa ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ará Kútọnu náà ń sọ Yorùbá ni?" Mi ò gbé Kútọnu rí láyé mi. Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo àdúgbò ti ń pè mí ní Kútọnu, èmi náà sì ń dáhùn, nítorí ebi kì í jẹ́ kéèyàn yan orúkọ.

Iṣẹ́ táìsì ni mò ń ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́lé ní Abẹ́òkúta, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún un ni pé kó wá ará Kútọnu kan tó mọ ilẹ̀ lẹ̀, pé tiwa kì í ṣí, tiwa kì í wọ́. Wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ wa, ojú wa ni wọn ò gbẹ́kẹ̀ lé. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń fi ọkọ̀ àjàgbé kó wá láti Ewékorò ti wọ inú èékánná mi débi pé ọṣẹ kò rí i ṣe mọ́. Orúnkún mi ti le bíi pátákó. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, orí orúnkún ni mo wà, nínú ilé tí n kò ní jókòó sí tó bá parí.

Mi ò ní sọ pé kò sí ọjọ́ tó dára. Ìyá kan wà ní Aké, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì pọ́ńbélé. Ìyá yìí ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Nígbà tí mo parí ilẹ̀ pálọ̀ rẹ̀, ó lọ mú ọsàn kan, ó gbé e sílẹ̀ láàárín pálọ̀, ó sì dúró tì í, ó ká apá mọ́yà. Ọsàn náà kò yí. Ó gbé e lọ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò yí. Ó ní, "O káre. Wàá ṣe yàrá mi náà." Mo fò lọ sílé lọ́jọ́ yẹn ni, mi ò rìn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kó rí ọsàn yẹn kò sí níbẹ̀.

Akọ̀wé wáyà ni bàbá mi, ní ìdíkọ̀ rélùwéè Sábẹ̀ẹ́, kí ọkọ̀ ojú irin tó dákẹ́ lọ́dọ̀ wa. Òun ló ń fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti ìdíkọ̀ kan sí òmíràn, tí-tí-tà, tà-tí, kí wọ́n lè mọ ọkọ̀ tó ti gbéra. Ó kọ́ mi ní èdè wáyà yẹn nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Èmi nìkan ló rí kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àdùkẹ́, ní ariwo yẹn ń fún òun ní ẹ̀fọ́rí. Bí a bá jókòó sídìí oúnjẹ, Bàbá á fi ṣíbí kan etí abọ́, èmi á gbé iyọ̀ fún un, Màmá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bínú pé a ń sọ̀rọ̀ òun lẹ́yìn lójú òun.

Ó fẹ́ kí n di ẹni tó ń ṣe rédíò. Nígbà tí mo sọ fún un pé iṣẹ́ táìsì ni mo fẹ́ bá lọ sí Nàìjíríà, ó ní, "Ọmọ mi ò ní lọ máa kúnlẹ̀ nínú ilé onílé." Mo dá a lóhùn pé ẹni tó dúró ṣánṣán nílé wa, kí ló rí jẹ? Ọ̀rọ̀ mìíràn tún tẹ̀ lé e lẹ́nu mi, mi ò ní kọ ìyẹn síbí. Ó yíjú sí ògiri. Ọdún mẹ́rin ni n kò fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí mo bá pe ilé, Àdùkẹ́ ló ń gbé e. Màá ní, "Bàbá dà?" Á ní, "Wọ́n wà níta." Mo máa ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti orí àga, ẹsẹ̀ méjì sí fóònù.

Nígbà tó fẹ̀yìntì, ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba pé òun lè máa fi rédíò ṣeré lórí afẹ́fẹ́, bí àwọn tó fẹ́ràn irú rẹ̀ ṣe ń ṣe káàkiri ayé. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kan ẹ̀rọ kékeré kan sínú agolo mílíìkì. Bàlíìsì ló ń pè é, bí àwọn Faransé ṣe ń pè é. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà kò ju kó máa fi èdè wáyà pe orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ ìlú wa, kó dákẹ́ díẹ̀, kó tún pè é. Agbára iná tó ń lò kò ju ti gílóòbù tọ́ọ̀ṣì lọ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ níbi tó jìnnà á mọ̀ pé ọ̀nà afẹ́fẹ́ ṣí láàárín òun àti Sábẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Kò sí èrè kankan níbẹ̀ ju ìyẹn lọ, àmọ́ àwọn tó ń ṣe é á máa fi tayọ̀tayọ̀ jí láti tẹ́tí sí i.

Àdùkẹ́ ló sọ fún mi nípa rẹ̀, ló sì fi nọ́ńbà ibi tí mo ti lè rí i lórí rédíò ránṣẹ́. Mo wá rédíò kiri Láfẹ́nwá. Rédíò pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ èyí tó lè gbọ́ èdè wáyà kò wọ́pọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní bọ́tìnnì kan tó máa sọ ìró náà di fèrè, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èémí lásán lo máa gbọ́. Oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi wá a, kí n tó rí ẹyọ kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀. Mo na wáyà tín-ín-rín láti ojú fèrèsé mi lọ sórí igi máńgòrò tó wà lẹ́yìnkùlé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí láago méje àárọ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi gbọ́ ariwo lásán. Lọ́jọ́ kejìlá, ó wọlé. Ó rẹlẹ̀ gan-an, ó ń yọ, ó ń rì, bí ẹni tó ń súfèé láti òdìkejì odò. Mo kọ lẹ́tà rẹ̀ sẹ́yìn páálí táìsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí tí orúkọ ìlú mi fi jókòó síwájú mi. Mo pariwo. Mo jó nínú yàrá láìwọ bàtà. Ìyá Ṣeun tó ń gbé yàrá kejì kan ògiri pé ṣé kò sí o.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀, pé kì í ṣe Bàbá. Ẹ̀rọ kì í yá jù, kì í falẹ̀ jù. Ọwọ́ Bàbá yàtọ̀, ó máa ń fa tà tó kẹ́yìn bí ẹni pé kò fẹ́ fi í sílẹ̀, màá mọ̀ ọ́n láàárín ẹgbẹ̀rún. Kí n má parọ́ fún yín, ohun tí mò ń jí tẹ́tí sí láràárọ̀ kì í ṣe agolo mílíìkì. Mò ń retí ọjọ́ tó máa pa ẹ̀rọ yẹn tì, tó máa fi ìka ara rẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ kan sí mi. Ìbáà ṣe èébú.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá ara mi ti mọlé ní Abẹ́òkúta. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ìlú yìí fojú jọ tiwa. Òkúta ńlá ńlá wà lẹ́yìn ilé, páànù ti dípẹtà, àwọn àgbà jókòó síwájú ilé wọn, wọ́n ń kí ẹni tó ń kọjá. Ká ní ìlú òyìnbó ni mo lọ ni, ǹ bá mọ̀ pé àlejò ni mí, ǹ bá sì gba kádàrá. Ṣùgbọ́n èèyàn á kí ọ pé ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oòrùn, á béèrè àlàáfíà ìyá rẹ, á wá fi ohùn kan náà sọ pé kí o fi ìwé ọmọ ìlú hàn òun. Irú ìyẹn ló ń ká mi lára. Àlejò tí wọ́n ń pè ní ọmọ ìyá, ibo ni kó gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ?

Ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé gbòde lásìkò yẹn. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó ń bẹ̀rù, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, Alhájì onílé wa pe gbogbo ayálégbé sí pálọ̀ rẹ̀. Irin ni Alhájì ń tà, ìdílé oníṣòwò ni wọ́n láti ìran wọn, ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sókè. Ìyá Ṣeun ló kọ́kọ́ dìde.

"Alhájì, ẹ gbà mí o. Gbogbo àárọ̀ ni rédíò Kútọnu yìí ń ké pí-pí-pí, á sì máa kọ nǹkan sílẹ̀. Mo rí i lójú fèrèsé. Àwọn wo ló ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ìyá Ṣeun, kò lè sọ̀rọ̀," mo ní. "Gbígbọ́ nìkan ni rédíò yẹn ń gbọ́."

"Ta ni o ń gbọ́ níbẹ̀?"

"Bàbá mi."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ń gbé yàrá iwájú pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ọ̀gá o!" Alhájì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ síwájú lórí àga, ó ní, "Ọmọ mi, bàbá rẹ ò ní fóònù ni?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni mi ò lè dáhùn. Ṣé kí n wá dúró láàárín àwọn tó ń fi mí ṣẹ̀sín, kí n máa ṣàlàyé pé bàbá tó bí mi kì í bá mi sọ̀rọ̀? Mo dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mi ló dá mi lẹ́bi.

Alhájì ní, "Má bínú. Ọ̀kan ni wá, kò sí ẹni tó ń lé ọ. Ìwọ ṣáà jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n mi tó ṣiṣẹ́ ní rélùwéè Láfẹ́nwá níbí ti lọ Ìbàdàn, Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa dé. Wọ́n gbọ́ èdè yẹn. Tí wọ́n bá fetí ara wọn gbọ́ ọ, tí wọ́n ní kò sí nǹkan níbẹ̀, wàá gba rédíò rẹ."

Ó gbé e wọ yàrá. Mo gbọ́ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ yí. Èmi ni mo lẹ ilẹ̀ yàrá tí wọ́díróòbù yẹn dúró lé.

Ní Ọjọ́rú, Àdùkẹ́ pè mí. Ó ní Bàbá ṣubú lójúlé láti ọjọ́ Ajé, ó wà lórí ibùsùn, ohùn rẹ̀ ti há, àmọ́ dókítà ní kò le. Ó wá rọ ohùn sílẹ̀.

"Gbọ́, mo ti sọ fún wọn pé o máa ń gbọ́ bàlíìsì wọn láràárọ̀. Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Wọn ò sọ nǹkan kan. Àmọ́ láti àná ni wọ́n ti ní kí n gbé ohun tí wọ́n fi ń tẹ wáyà wá síbi ibùsùn, wọ́n sì yọ ẹ̀rọ kúrò lára rẹ̀. Láago méje, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn. O gbọ́ ọ, àbí?"

Mo ní kó gbé fóònù sún mọ́ ọwọ́ wọn lọ́la tí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, "Mo ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ yìí. Bí wọ́n ṣe rí fóònù, wọ́n fọwọ́ bò ó. Wọ́n ní orí rédíò ni o ti máa gbọ́."

Ibí ni mo ti ṣe ohun tí mi ò lè dárí rẹ̀ ji ara mi. Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi ń sọ fún Àdùkẹ́ pé wọ́n fẹ́ràn mi níbí, pé ọ̀gá ni wọ́n ń pè mí, kó lè dé etí Bàbá lórí àga rẹ̀. Ṣé kí n wá sọ pé wọ́n ti gba rédíò mi bí ẹni gba ẹrù lọ́wọ́ olè? Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n. Mò ń gbọ́ ọ."

Ọ̀dọ̀ Alhájì ni mo kọrí sí. Bàbá bẹ̀rù pé n ó lọ máa kúnlẹ̀ fún onílé. Mo ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìsì tí mo fọwọ́ ara mi lẹ̀.

"Alhájì, ẹ ṣàánú mi. Bàbá mi ń ṣàìsàn. Wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí rédíò yẹn."

"Dìde, dìde. Kí Ọlọ́run fún wọn ní àlàáfíà."

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ níbí, lójú yín, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré."

"Èmi ò gbọ́ èdè náà. Báwo ni màá ṣe mọ ohun tó ń sọ? Tó bá jẹ́ tèmi nìkan ni, màá fún ọ. Ìpàdé ló fẹnu kò. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ládùúgbò yìí lọ́la, kí ni màá sọ fún wọn? Mọ́ńdè ò jìnnà mọ́."

Kò jágbe mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ṣe òótọ́. Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ bu omi tútù fún mi. Ká ní ó jágbe ni, bóyá ǹ bá fi èjìká já ilẹ̀kùn yẹn. Omi tútù ni mo mu, mo sì jáde.

Mo tún Láfẹ́nwá wá pátápátá lọ́jọ́ kejì. Rédíò tó wà níbẹ̀, ìròyìn àti orin ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò gba ilé lọ, ṣebí kò jìnnà. Ojoojúmọ́ ni mò ń bi ara mi. Àdùkẹ́ ní àìsàn náà ò le. Yàrá ìyá ti Aké gbọ́dọ̀ parí ní Sátidé. Àti pé, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, mò ń fẹ́ kí Bàbá fúnra rẹ̀ ní kí n máa bọ̀. Ó sì ṣeé ṣe kó ti máa sọ ọ́ láràárọ̀, nígbà tí mò ń po sìmẹ́ńtì.

Ní ọjọ́ Ajé, kó tó di aago méje, mo ti wà ní pálọ̀ Alhájì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Rélùwéè, ti dé, arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ awò ojú. Ó gbé rédíò náà sọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Mo na wáyà sórí máńgòrò, mo sọ nọ́ńbà fún un, ó yí i síbẹ̀.

Ariwo lásán. A dúró. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Hàà, hàà, ni rédíò ń ṣe.

Alhájì wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ ṣáà rí i. Gbogbo àárọ̀ ló ń ké. Ọjọ́ tí ẹlẹ́rìí dé ló wá dákẹ́."

Nínú gbogbo oṣù tí mo fi gbọ́ ẹ̀rọ yẹn, bí ojú ọ̀run bá tiẹ̀ bàjẹ́, ó máa ń yọjú díẹ̀. Mo ti mọ̀ kí fóònù mi tó dún.

"Bàbá ti fi wá sílẹ̀," Àdùkẹ́ wí. "Lálẹ́ àná. Mo ní kí ilẹ̀ mọ́ ná." Ó sunkún díẹ̀, ó sì tún ohùn ṣe. "Ṣùgbọ́n ọpẹ́ ni pé o gbọ́ wọn. Ti Sátidé yẹn pẹ́, ó tó ìdajì wákàtí. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, omi ń jáde lójú wọn. Èmi ò mọ ohunkóhun nínú rẹ̀, ìwọ nìkan ni wọ́n kọ́. Mo ti ṣí fóònù sílẹ̀ kí gbogbo wa lè gbọ́, Màmá wà níbí, gbogbo ilé wà níbí. Kí ni wọ́n sọ?"

Rédíò ń mí lórí tábìlì. Alhájì gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì wolẹ̀.

"Wọ́n ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, Ẹ̀gbọ́n," mo ní. "Wọ́n ní tí àwọn bá tún ayé wá, ìwọ náà ni àwọn máa bí. Wọ́n ní kí Màmá má jẹ́ kí ilé tutù."

Mo gbọ́ igbe Màmá. Àdùkẹ́ ní, "Ìwọ ńkọ́? Kí ni wọ́n sọ fún ìwọ?"

"Tèmi pọ̀. Màá kọ ọ́ sínú ìwé wá."

Bàbá Rélùwéè pa rédíò. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, kò sì gbé ojú sókè. Alhájì dìde, ó fọwọ́ méjèèjì gbé rédíò náà fún mi.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀, ọmọ mi. Kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ wọn. A ò mọ̀."

"Mo sọ fún yín," mo ní. "Ẹ rẹ́rìn-ín."

Mo ti kó kúrò nílé rẹ̀. Aké ni mo wà báyìí, mo ṣì ń lẹ ilẹ̀, Alhájì sì ṣì ń rán àwọn oníbàárà sí mi, bóyá kó lè sùn dáadáa. Mò ń gba iṣẹ́ náà. Inú mi ò rọ̀ sí Alhájì. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé ó lè jẹ́ pé ẹnìkan gbọ́ ọ láàárọ̀ Sátidé yẹn, arúgbó kan ní Tógò tàbí ní Ìbàdàn, tó ń wá nǹkan mìíràn lórí rédíò, tó ṣe kòńgẹ́ bàbá kan tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, tó sì yí i kọjá nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Inú ń bí mi sí ẹni yẹn náà, mi ò sì mọ̀ bóyá ó wà.

Inú ọkọ̀ tó ń gbé mi lọ sí ìsìnkú ni mo ti kọ ìwé tí mo ṣèlérí fún Àdùkẹ́, ojú ìwé kan gbáko. Mo kà á lójú gbogbo ẹbí. Ẹ̀gbọ́n Bàbá ní bí ó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn. Àdùkẹ́ fi férémù sí i, ó gbé e kọ́ sára ògiri lókè ibùsùn. Lóṣù tó kọjá, ó pè mí pé ọmọbìnrin òun ti há a sórí látòkè délẹ̀, ó ní kí n gbọ́. Mo gbé táìsì ọwọ́ mi sílẹ̀, mo tẹ́tí, ọmọ náà sì ka gbogbo rẹ̀ láìṣì, títí dé ibi tí Bàbá ti ní òun ò bínú sí mi mọ́. Nígbà tó parí, mo ní ó ṣeun, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bàbá àgbà rẹ̀ sọ ọ́.